Ìmúrasílẹ̀ fún àyẹ̀wò ojú

Ìmúrasílẹ̀ fún àyẹ̀wò ojú ni àpapọ̀ ohun tí ènìyàn ń ṣe, ohun tí ó ń kó jọ àti ohun tí ó ń rántí kí ó tó lọ rí dókítà ojú. Lára rẹ̀ ni mímú awò àti oògùn tí ó ń lò dání, bíbéèrè nípa àìsàn ojú nínú ẹbí, yíyọ lẹ́ńsì àfisójú, àti wíwá ẹni tí yóò sìn ín padà sílé. Yorùbá máa ń sọ pé ojú lọba ara. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, púpọ̀ nínú àwọn àrùn tó ń fọ́ ojú kì í dunni, wọn kì í sì í tètè hàn sí ẹni tí wọ́n ń bá jà. Nítorí èyí, ohun tí aláìsàn sọ fún dókítà àti ohun tí ó mú dání jẹ́ apá kan nínú àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀.

Ìdí tí ìmúrasílẹ̀ fi ṣe pàtàkì

Ìwádìí gbogboogbò lórí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn tó ti pé ọmọ 40 ọdún sókè, ènìyàn bíi 4 nínú 100 ló fọ́jú. Cataract, ìyẹn kí lẹ́ńsì inú ojú di funfun bí ẹni pé ìkúùkù bò ó, ló fa ìpín 43 nínú 100 ìfọ́jú náà. Glaucoma fa nǹkan bí ìpín 17. Ìwádìí náà tún fi hàn pé ìpín 84 nínú 100 ìfọ́jú tí wọ́n rí ni a ìbá ti dènà tàbí tí a lè tọ́jú.

Àrùn méjèèjì yàtọ̀ síra gidigidi. Ẹni tí cataract bò lójú lè tún ríran lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà tí wọ́n bá yọ lẹ́ńsì tó ti di funfun náà, tí wọ́n sì fi lẹ́ńsì àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Glaucoma kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pa iṣan ìríran tó so ẹyinjú mọ́ ọpọlọ, ìríran ẹ̀gbẹ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ mú lọ. Ẹni náà ṣì lè máa ka ìwé, kí ó sì máa dá ènìyàn mọ̀ ní ọ̀ọ́kán, nígbà tí púpọ̀ nínú iṣan náà ti kú. Ìríran tí glaucoma bá ti gbà kì í padà. Ohun tí oògùn, ìtànṣán lésà tàbí iṣẹ́ abẹ lè ṣe kò ju pé kí wọ́n dáàbò bo èyí tó kù. Àrùn yìí wọ́pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní ọjọ́ orí tó kéré ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi gbà pé kí ènìyàn má ṣe dúró kí ojú dùn ún kí ó tó lọ. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà, American Academy of Ophthalmology, dámọ̀ràn pé kí àgbàlagbà tí kò ní àmì àrùn kankan ṣe àyẹ̀wò ojú pípé nígbà tí ó bá pé ọmọ 40 ọdún. Ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní glaucoma, àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ojú

Oríṣi akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mẹ́ta ni ènìyàn lè bá pàdé. Èkíní ni dókítà ojú, tí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ ophthalmologist. Ó kọ́kọ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn gbogbo ara kí ó tó wá kọ́ ti ojú, òun ló sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ní Nàìjíríà, Medical and Dental Council of Nigeria ló ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì ni optometrist, tó ń wọn agbára ìríran, tó ń kọ nọ́ńbà awò, tó ń dá àrùn ojú mọ̀, tó sì ń darí aláìsàn sí dókítà nígbà tó bá yẹ. Ẹ̀kẹta ni optician, tó ń ṣe awò gẹ́gẹ́ bí ìwé tí wọ́n kọ. Optometrists and Dispensing Opticians Registration Board of Nigeria ló ń bójú tó iṣẹ́ àwọn méjì ìkẹyìn yìí.

Ẹni tó ń kiri awò ìkàwé lọ́jà kò sí lára wọn. Awò bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí lẹ́tà hàn kedere fún ẹni tí ọjọ́ orí ń dà láàmú, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá àrùn kan wà lẹ́yìn ojú náà. Ẹni tí awò ọjà bá tẹ́ lọ́rùn lè lo ọdún púpọ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo iṣan ìríran rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ láti mú lọ

Ó dára kí ènìyàn kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú àpò kan ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú:

• Gbogbo awò tí ó ń lò, ti ìkàwé àti ti ọ̀ọ́kán, pẹ̀lú èyí tí kò bá a lára mu mọ́. Ẹ̀rọ kan wà tó lè ka nọ́ńbà awò àtijọ́, èyí yóò sì fi hàn bóyá ojú náà ti yí padà.
• Páálí lẹ́ńsì àfisójú, nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀.
• Gbogbo oògùn tí ó ń lò, àti ti ojú àti ti ara, nínú ìgò tàbí páálí wọn.
• Káàdì ilé ìwòsàn, ìwé àyẹ̀wò ojú tó ti kọjá, àti lẹ́tà tí dókítà mìíràn bá kọ.
• Àkọsílẹ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, fún ẹni tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀.
• Ìwé ìdánimọ̀ àti káàdì ìlera adójútòfò, bí ó bá wà. Ó yẹ kí ènìyàn ti béèrè ṣáájú lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ bóyá àyẹ̀wò ojú àti awò wà lára ohun tí wọ́n ń san.
• Awò òòrùn tàbí fìlà tó ní etí gbòòrò, fún ọ̀nà àbọ̀.
• Oúnjẹ díẹ̀ àti omi.

Ohun tí a kọ gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ilé ìwòsàn ńlá, àyẹ̀wò ojú lè gba wákàtí mélòó kan, nítorí pé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kan ni aláìsàn ti máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, tí yóò sì tún jókòó de oògùn kí ó ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ti lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀, tí kò sì jẹun, lè rí i pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ òun lọ sílẹ̀ níbi tí ó ti ń dúró. Àyẹ̀wò ojú lásán kò béèrè ààwẹ̀. Bí iṣẹ́ abẹ bá wà níbẹ̀ ni ilé ìwòsàn lè sọ pé kí ènìyàn má jẹun.

Ìtàn tí dókítà yóò béèrè

Ìbéèrè ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò fẹ́ mọ ohun tí aláìsàn kíyè sí, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, bóyá òjijì ló dé tàbí díẹ̀díẹ̀, àti bóyá ojú kan ni tàbí méjèèjì. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí máa ń ṣòro láti dáhùn, nítorí ojú tó dára máa ń bo àṣìṣe èkejì mọ́lẹ̀. Kí ènìyàn tó kúrò nílé, ó lè fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan láìtẹ̀ ẹ́, kí ó fi èkejì wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, kí ó sì pààrọ̀ wọn. Àwọn kan kì í mọ̀ pé ojú kan ti lọ títí di ìgbà tí wọ́n bá ṣe èyí.

Ó tún wúlò láti sọ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe. Ohun tí télọ̀ ń fẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti awakọ̀, ti ajórinmọ́rin sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́. Nọ́ńbà awò tó bá ọ̀kan mu lè má bá èkejì mu.

Ìtàn ẹbí ni ó gba ìmúrasílẹ̀ jù, nítorí ó ní láti wá láti ẹnu ẹlòmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, kò sí ẹni tó mọ orúkọ àrùn tó fọ́ ojú bàbá àgbà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ogbó ló fà á, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Orúkọ àrùn kò pọn dandan, àpèjúwe tó. Kí ènìyàn bi àwọn àgbà léèrè bóyá ẹni náà ń kọlu nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó fọ́jú pátápátá, bóyá ọmọlójú rẹ̀ di funfun, bóyá ó kán oògùn sójú lójoojúmọ́, àti bóyá wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un tí ó sì tún ríran. Ìdáhùn wọ̀nyí lè ran dókítà lọ́wọ́ láti fura sí glaucoma tàbí cataract.

Oògùn

Ẹni tó ń lo oògùn àkánsójú fún glaucoma gbọ́dọ̀ lò ó ní ọjọ́ àyẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, àyàfi bí dókítà bá sọ ohun mìíràn. Bí kò bá lò ó, ìfúnpá inú ojú tí wọ́n máa wọ̀n kò ní sọ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì ti dá oògùn náà dúró láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí owó, kí ó sọ ọ́. Dókítà tí kò mọ̀ lè rò pé oògùn náà ti kùnà, kí ó sì kọ èyí tó wọ́n jù ú lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ náà kò ṣeé fò.

Àwọn oògùn kan tí a ń lò fún ara máa ń kan ojú. Lílo oògùn steroid fún ìgbà pípẹ́ lè gbé ìfúnpá ojú sókè, ó sì lè fa cataract. Ethambutol, tó wà lára oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, lè ṣe iṣan ìríran ní jàǹbá. Hydroxychloroquine lè ba rẹ́tínà jẹ́, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Tamsulosin, tí àwọn ọkùnrin ń lò fún ìṣòro ìtọ̀, lè mú kí iṣẹ́ abẹ cataract ṣòro bí oníṣẹ́ abẹ kò bá mọ̀ ṣáájú. Ó tún yẹ kí aláìsàn sọ oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà, àti bóyá ó ní ásímà, nítorí timolol, oògùn glaucoma kan tó wọ́pọ̀, lè dí èémí onísímà lọ́wọ́. Kí obìnrin tó lóyún tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwọn aláìsàn máa ń fi pamọ́ jù ni oògùn tí dókítà kò kọ. Àwọn kan a máa ra oògùn àkánsójú tó ní steroid nínú lọ́dọ̀ olóògùn, nítorí pé ó ń mú pípọ́n ojú lọ kíákíá. Àwọn mìíràn a máa fi omi ewé, omi ṣúgà, omi ọmú tàbí ìtọ̀ sójú. Irú nǹkan wọ̀nyí lè gbé kòkòrò àrùn wọ ojú, wọ́n sì lè dá egbò sí iwájú ẹyinjú. Dókítà ní láti mọ̀ ọ́n, kì í ṣe láti bá aláìsàn wí, bí kò ṣe kí ó lè mọ irú egbò tí ó ń wò àti ìtọ́jú tí yóò bá a mu.

Tìróò àti lẹ́ńsì àfisójú

Kò yẹ kí ènìyàn lé tìróò tàbí kí ó kun ìpéǹpéjú lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Ìyẹ̀fun rẹ̀ lè wọ ojú, ó lè bo etí ìpéǹpéjú tí dókítà fẹ́ wò, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ. Tìróò ní ewu mìíràn fún ọmọdé. Ní ọdún 2012, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde nípa ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní Boston tí wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tìróò tí àwọn òbí rẹ̀ mú wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń lé fún un, ni orísun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé inú rẹ̀ lé ní ìpín 80 nínú 100. Òbí tó bá ń lé tìróò fún ọmọ kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ fún dókítà.

Ẹni tó ń lo lẹ́ńsì àfisójú gbọ́dọ̀ mú àpótí rẹ̀ àti omi tí a fi ń pa á mọ́ dání, nítorí wọn yóò ní kí ó yọ ọ́, àti nítorí pé àwọ̀ tí wọ́n ń kán sójú lè kun lẹ́ńsì rírọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wọn ojú fún iṣẹ́ abẹ, ilé ìwòsàn lè ní kí ó dẹ́kun lílo lẹ́ńsì fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Awò ni yóò máa lò títí ọjọ́ náà.

Oògùn tó ń fẹ ọmọlójú

Ọmọlójú dà bí fèrèsé kékeré. Kí dókítà tó lè wo rẹ́tínà àti iṣan ìríran dáadáa, ó sábà máa ń kán oògùn tí yóò fẹ fèrèsé náà, bíi tropicamide. Oògùn náà ń ta ojú díẹ̀, ó sì máa ń gba ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ó tó ṣiṣẹ́. Fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ òòrùn yóò máa gún ojú, ìwé kíkà yóò sì ṣòro.

Nítorí èyí, kò yẹ kí aláìsàn wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà lọ sí ibi àyẹ̀wò. Kí ó mú ẹnìkan dání, kí ó má sì ṣètò láti fọwọ́ sí ìwé pàtàkì, láti ka owó púpọ̀ tàbí láti lo ẹ̀rọ eléwu lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá sìn ín lọ tún lè gbọ́ ohun tí dókítà sọ, kí ó sì rán an létí nílé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi àyẹ̀wò

Ìwọ̀n ìríran ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn yóò ka lẹ́tà lára pátákó tí Herman Snellen, dókítà ojú ní Netherlands, gbé jáde ní ọdún 1862. Ẹni tí kò mọ ìwé yóò fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà E kọjú sí. Èsì 6/6 túmọ̀ sí pé ohun tó yẹ kí ojú rí láti mítà 6 ni ojú náà rí láti mítà 6; 6/60 túmọ̀ sí pé mítà 6 ni ó ti ń rí ohun tó yẹ kí ó rí láti mítà 60. Kò sí èrè nínú ṣíṣẹ́jú tàbí híha lẹ́tà sórí. Kì í ṣe ìdánwò iléèwé, ẹni tó bá sì yège rẹ̀ lọ́nà èrú, ojú ara rẹ̀ ló tàn jẹ.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò wọn ìfúnpá ojú. Iye tí wọ́n kà sí déédéé wà láàárín 10 sí 21, ṣùgbọ́n glaucoma lè wà lára ẹni tí iye rẹ̀ kò ga. Ìdí rèé tí dókítà fi tún máa ń wo iṣan ìríran fúnra rẹ̀. Wọn yóò fi ẹ̀rọ tó ní ìmọ́lẹ̀ tóóró wo iwájú ojú, wọn yóò sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ọmọlójú bá ti fẹ̀.

Bí wọ́n bá fura sí glaucoma, wọn yóò ṣe àyẹ̀wò ìríran ẹ̀gbẹ́. Aláìsàn yóò tẹjú mọ́ ibì kan ṣoṣo, yóò sì máa tẹ bọ́tìnì nígbàkigbà tí iná kékeré bá tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àyẹ̀wò yìí máa ń súni, àárẹ̀ sì lè ba èsì rẹ̀ jẹ́. Ó dára kí ènìyàn sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó sì mọ̀ pé wọ́n lè tún un ṣe, nítorí èsì àkọ́kọ́ kì í sábà ṣeé gbára lé pátápátá.

Ìmúrasílẹ̀ fún ọmọdé

Ọmọdé kì í sábà sọ pé òun kò ríran, nítorí kò mọ bí ẹlòmíràn ṣe ń ríran. Òbí àti olùkọ́ ló ń kíyè sí i pé ó ń súnmọ́ pátákó, ó ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí ojú rẹ̀ ń yí. Ó dára láti ti ilé fi bíbo ojú kan ṣe eré pẹ̀lú ọmọ náà, kí ó má bàa bẹ̀rù lọ́jọ́ náà, kí a sì mú un lọ nígbà tí kò tíì rẹ̀ ẹ́, tí oorun kò sì kùn ún. A kò gbọdọ̀ fi dókítà dẹ́rù bà á. Bí ojú kan bá rẹ̀yìn nínú ìríran láti kékeré, ọpọlọ lè pa á tì. Ìtọ́jú rẹ̀ sì máa ń yọrí sí rere jù bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ọmọlójú ọmọdé tó bá ń tàn funfun, pàápàá nínú fọ́tò, lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ojú. Kò yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró de ọjọ́ kankan.

Ìgbà tí kò sí àyè ìmúrasílẹ̀

Àwọn àmì kan wà tí wọn kò fàyè gba kíkó ìwé jọ. Lára wọn ni kí ìríran lọ lójijì. Kí ojú pọ́n, kí ó máa dunni gan-an pẹ̀lú èébì. Kí ìmọ́lẹ̀ máa kọ mànà lójú, kí kókó dúdú púpọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó níwájú rẹ̀. Àti kí nǹkan gún ojú. Ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ jù tó ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ni kí a lọ lọ́jọ́ náà.

Bí símẹ́ńtì, ásíìdì bátìrì tàbí kẹ́míkà mìíràn bá ta sójú, omi ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Kí a fi omi tó mọ́ ṣan ojú náà níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí a tó gbéra. Bí nǹkan bá gún ojú, a kò gbọdọ̀ fà á yọ, a kò sì gbọdọ̀ tẹ ojú náà tàbí kí a fi omi ṣàn án. Ife tó mọ́ ni kí a fi bò ó láìjẹ́ kí ó kan ẹyinjú.

Ìbéèrè àti ìgbésẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò

Ó yẹ kí aláìsàn kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kúrò nílé, nítorí ọ̀pọ̀ ìbéèrè ni ìpayà máa ń gbà lẹ́nu ẹni. Àwọn tó ṣe pàtàkì ni: kí ni orúkọ àrùn náà, ṣé ó lè burú sí i, báwo ni a ṣe ń lo oògùn rẹ̀ àti fún ìgbà wo, ìgbà wo ni kí a padà wá, àti àmì wo ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a dúró di ọjọ́ náà. Kí ó gba èsì ìfúnpá ojú àti nọ́ńbà awò rẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì tọ́jú rẹ̀. Àyẹ̀wò tó ń bọ̀ yóò nílò rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé glaucoma ni wọ́n rí, ìròyìn náà kì í ṣe ti ẹni náà nìkan. Ewu àrùn yìí ga lára àwọn òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tó ní i, ìgbà tí wọ́n kò tíì rí àmì kankan ni ìtọ́jú sì wúlò fún wọn jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, NHS ń san owó àyẹ̀wò ojú fún ẹni tó ti pé ọmọ 40 ọdún tí òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ rẹ̀ ní glaucoma. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn tí wọ́n sọ fún pé ó ní àrùn náà lè tipa ìpè kan ṣoṣo jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ ní London lọ yẹ ojú tirẹ̀ wò láìsan kọ́bọ̀.